Òtítọ́ tó wà nínú fáìlì: ìdí tí ẹ̀wọ̀n aláìṣẹ̀ fi ń pọ̀ lórí aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, adájọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma kéde pé Glynn Simmons kò lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ jù ú sẹ́wọ̀n. Ọmọ ọdún 22 ni Simmons nígbà tí wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 1975. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó wà lára àwọn adigunjalè tó yìnbọn pa òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọtí kan ní ìlú Edmond. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ikú náà di ẹ̀wọ̀n gbére. Àtìgbà náà ló ti ń sọ pé ìpínlẹ̀ Louisiana lòun wà lọ́jọ́ tí ọ̀ràn yẹn ṣẹlẹ̀. Ọdún 48, oṣù kan àti ọjọ́ 18 ló lò lẹ́wọ̀n. Nínú gbogbo aláìṣẹ̀ tí wọ́n tíì dá láre ní Amẹ́ríkà, kò sí èyí tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó pẹ́ lẹ́wọ̀n tó o.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà rò pé òtítọ́ ń rìn ni. Ní ti Simmons, òtítọ́ ò rin ìrìn kankan, inú fáìlì ìjọba ló jókòó sí. Obìnrin kan tí ìbọn bà lórí lọ́jọ́ náà, tí Ọlọ́run yọ, ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n gbára lé. Ọlọ́pàá to àwọn ọkùnrin síwájú rẹ̀ pé kó nàka sí ẹni tó ṣe é. Ìwé tí ọlọ́pàá fúnra wọn kọ lẹ́yìn náà fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ẹlòmíràn ló nàka sí. Agbefọ́ba kò fi ìwé yẹn han lọ́yà Simmons. Èyí ló mú kí adájọ́ fagi lé ẹjọ́ náà ní oṣù Keje 2023, kí wọ́n tó wá kéde lópin ọdún pé kò ṣẹ̀ rárá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá gbọ́ irú ìròyìn yìí, á ní àṣìṣe ni, pé kò sí ilé ẹjọ́ tí kì í ṣàṣìṣe. Àṣìṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí ènìyàn bá ka àwọn ẹjọ́ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan á máa yọjú léraléra: ohun tó lè tú ẹni náà sílẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ìjọba kí wọ́n tó dájọ́ rẹ̀. Ti ẹ̀yà náà rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti rí ìṣirò rẹ̀, ó ti kà á, ó sì ti sọ pé kò tó ohun tí òun á tìtorí ẹ̀ yí ìdájọ́ padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iye wọn. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ National Registry of Exonerations, tó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n dá láre lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá wọn lẹ́bi. Láti 1989 ni àkọsílẹ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ inú rẹ̀ sì ti lé ní 3,500. Ní 2022, wọ́n gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Nínú ọgọ́rùn-ún ará Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú kò tó 14. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìṣẹ̀ tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, aláwọ̀ dúdú jẹ́ 53. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé, lórí ẹ̀sùn tó wúwo, ewu kí wọ́n dá aláwọ̀ dúdú tí kò ṣẹ̀ lẹ́bi fi ìlọ́po méje ju ti òyìnbó tí kò ṣẹ̀ lọ. Lórí ìpànìyàn, ìlọ́po méje àti ààbọ̀ ni. Lórí ìfipábánilòpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ. Lórí oògùn olóró, ìlọ́po 19.

Ti oògùn olóró yẹn ló yani lẹ́nu jù, nítorí ìwádìí ti fi hàn lọ́pọ̀ ìgbà pé ìwọ̀n tí òyìnbó ń gbà lo oògùn olóró ní Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti aláwọ̀ dúdú. Àdúgbò tí ọlọ́pàá ń lọ wá a sí ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ní gbòǹgbò. Àtúnṣe òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní 1865 yọ ẹnìkan sílẹ̀: ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ṣì lè ṣiṣẹ́ ẹrú. Kò pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù fi ṣòfin pé bí wọ́n bá rí aláwọ̀ dúdú tó ń rìn kiri láìní iṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n mú un. Ẹni tí wọ́n bá mú, ìjọba á yá a fún àwọn oníléeṣẹ́ àti olóko ńlá, òun á máa wa èédú tàbí kó máa ro oko, owó á máa wọ àpò ìjọba. Alabama ló jáwọ́ nínú rẹ̀ kẹ́yìn, ní 1928. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ṣì lè wà láyé lónìí.

Ojú tó rí i, ẹnu tó jẹ́wọ́ rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́rìí tó tọ́ka sí aláìṣẹ̀ ló ń purọ́. Ní 1984, ọkùnrin kan wọlé fipá bá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan lò pọ̀ ní North Carolina. Òyìnbó ni ọmọbìnrin náà. Ó sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ wo ojú onítọ̀hún dáadáa kí òun lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ronald Cotton, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ló nàka sí, tọkàntọkàn ló sì fi sọ bẹ́ẹ̀. Cotton lo ọdún mẹ́wàá àti ààbọ̀ lẹ́wọ̀n kí àyẹ̀wò DNA ní 1995 tó fi hàn pé ọkùnrin mìíràn ló ṣe é. Ohun tó wú mi lórí nínú ẹjọ́ yìí ni pé òun àti obìnrin náà padà di ọ̀rẹ́, wọ́n sì jọ ń rìn kiri Amẹ́ríkà láti kìlọ̀ nípa irú ìtọ́ka bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ti fi hàn tipẹ́ pé ó máa ń ṣòro fún ènìyàn láti dá ojú ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀ mọ̀. Bí ẹni tó fara gbá ọ̀ràn bá jẹ́ òyìnbó, tí afurasí jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ewu ti wọlé nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó parọ́ kankan.

Ti ìjẹ́wọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀mí wa ò fẹ́ gbà pé ènìyàn lè jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ní oṣù Kẹrin 1989, wọ́n fipá bá obìnrin kan tó ń sáré ìdárayá nínú ọgbà Central Park ní New York lò pọ̀, wọ́n sì lù ú dójú ikú. Ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin márùn-ún: Kevin Richardson àti Raymond Santana jẹ́ ọmọ ọdún 14, Antron McCray àti Yusef Salaam jẹ́ 15, Korey Wise jẹ́ 16. Aláwọ̀ dúdú ni mẹ́rin, ẹ̀yà Látínò ni Santana. Wọ́n fi ìbéèrè pọ́n wọn lójú fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí mẹ́rin nínú wọn fi jẹ́wọ́ níwájú kámẹ́rà. Donald Trump, tó jẹ́ oníṣòwò ilé nígbà náà, sanwó ìpolówó sínú ìwé ìròyìn mẹ́rin pé kí wọ́n dá ìdájọ́ ikú padà sí New York.

Kí ẹjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò DNA ti fi hàn pé ohun tí wọ́n rí lára obìnrin náà kò bá ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ márààrún mu. Agbefọ́ba mọ̀. Wọ́n ní ẹlòmíràn tó bá wọn débẹ̀ ló sá lọ. Ní 2002, Matias Reyes, tó ti wà lẹ́wọ̀n lórí ọ̀ràn mìíràn, jẹ́wọ́ pé òun nìkan ni, DNA rẹ̀ sì bá a mu. Wọ́n fagi lé ìdájọ́ àwọn márààrún lọ́dún yẹn. Ìlú New York san mílíọ̀nù 41 dọ́là fún wọn ní 2014. Salaam ti wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà báyìí, àwọn ará Harlem ló dìbò fún un ní 2023.

Ní Chicago, wọn ò tilẹ̀ fi ti ìbéèrè ṣe. Láti 1972 sí 1991, Jon Burge, ọ̀gá ọlọ́pàá, àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ dá àwọn afurasí tó lé ní 100 lóró, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n fi iná mànàmáná gbé wọn, wọ́n fi ọ̀rá bò wọ́n lórí kí wọ́n má lè mí, títí wọ́n á fi sọ ohun tí ọlọ́pàá fẹ́ gbọ́. Àwọn kan nínú wọn gba ìdájọ́ ikú lórí irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ òfin máa fi tó Burge, àkókò tí òfin fi sílẹ̀ fún ẹ̀sùn ìdálóró ti kọjá, irọ́ tó pa nípa rẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́ ni wọ́n rí mú. Ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni wọ́n fún un.

Àwọn méjìlá

Ní Nàìjíríà, adájọ́ ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló ń dá a. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ̀sùn bá wúwo tí olùjẹ́jọ́ sì ní òun ò jẹ̀bi, àwọn aráàlú méjìlá ni wọ́n sábà máa ń kó jọ pé kí wọ́n gbọ́ ẹ̀rí, kí wọ́n sì pinnu. Júrì ni wọ́n ń pè wọ́n. Kí wọ́n tó yan méjìlá, wọ́n á ránṣẹ́ pe ọ̀pọ̀ ènìyàn, agbefọ́ba àti lọ́yà á bi wọ́n ní ìbéèrè, apá kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀tọ́ láti yọ àwọn kan dànù láìsọ ìdí. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń yọ aláwọ̀ dúdú. Ní 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Batson pé agbefọ́ba ò gbọ́dọ̀ yọ ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ ara. Àwọn agbefọ́ba gbọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ni bí wọ́n ṣe lè wá ìdí mìíràn sọ.

Ẹ wo ti Curtis Flowers. Ní 1996, wọ́n yìnbọn pa ènìyàn mẹ́rin nínú ilé ìtajà àga àti ibùsùn ní Winona, ìpínlẹ̀ Mississippi. Flowers ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ rí. Agbefọ́ba àdúgbò, Doug Evans, òyìnbó, gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gbé ọkùnrin kan náà lọ lórí ẹ̀sùn kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́, júrì dá Flowers lẹ́bi, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà sì fagi lé e nítorí ìwà agbefọ́ba. Ẹ̀ẹ̀kẹrin àti ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ohùn júrì ò ṣọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kẹfà, ní 2010, wọ́n dájọ́ ikú fún un.

Bí ẹ bá wo àwọn tó jókòó nínú júrì lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà, ẹ ò ní wá àlàyé lọ jìnnà. Nígbà tí gbogbo wọn jẹ́ òyìnbó, tàbí tí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo wà láàárín wọn, wọ́n dá a lẹ́bi. Nígbà tí aláwọ̀ dúdú tó mẹ́ta tàbí márùn-ún, ohùn ò ṣọ̀kan. Nínú aláwọ̀ dúdú 42 tí Evans láǹfààní láti yọ lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà, 41 ló yọ. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ó bi àwọn aláwọ̀ dúdú márùn-ún tó yọ ní ìbéèrè 145. Àwọn òyìnbó 11 tó fi sílẹ̀, ìbéèrè 12 péré ló bi gbogbo wọn pọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ló ka ìbéèrè wọ̀nyí, tó sì kọ iye wọn sínú ìdájọ́ tó fi tú ẹjọ́ náà ká ní 2019, adájọ́ méje sí méjì. Ẹlẹ́wọ̀n tó ti jẹ́rìí pé Flowers jẹ́wọ́ fún òun ti sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé irọ́ lòun pa. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, ìjọba jáwọ́ nínú ẹ̀sùn náà. Ọdún 23 ló kù díẹ̀ kó pé tó fi wà lẹ́wọ̀n. Wọn ò fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan Evans lórí ọ̀ràn yìí, ó ṣì wà nípò rẹ̀ nígbà tí wọ́n tú Flowers sílẹ̀.

Ti Flowers parí sí rere. Ti Marcellus Williams ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dájọ́ ikú fún un ní Missouri lórí ìpànìyàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní 1998. Agbefọ́ba yọ mẹ́fà nínú aláwọ̀ dúdú méje tó ṣeé yàn sínú júrì rẹ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà níwájú adájọ́ pé ọ̀kan nínú wọn jọ Williams bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Wesley Bell, tó jẹ́ àgbà agbefọ́ba ní àdúgbò náà nígbà náà, bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ tí ọ́fíìsì òun fúnra rẹ̀ gbà. Wọn ò gbà. Wọ́n pa Williams ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 2024. Àwọn kan ṣì gbà pé òun ló ṣe é. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni bí wọ́n ṣe yan àwọn tó dájọ́ rẹ̀.

Ìwé kan tó sọ pé B

Bí ẹnìkan bá ní kí n mú ẹjọ́ kan ṣoṣo tó fi bí nǹkan ṣe rí hàn, ti John Thompson ni mo máa mú.

Ní ìparí 1984, wọ́n pa ọkùnrin gbajúmọ̀ kan ní New Orleans. Ọlọ́pàá mú Thompson, àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, ìdílé kan rí i, wọ́n sì ní òun ló gbìyànjú láti ja àwọn lólè. Àwọn agbefọ́ba wá dọ́gbọ́n kan: wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ olè náà lọ. Bí wọ́n bá ti dá a lẹ́bi lórí olè, kò ní lè bọ́ síta jẹ́rìí fún ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, nítorí wọ́n á kàn fi ẹ̀sùn olè yẹn bà á jẹ́ lójú júrì. Ó rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n dá a lẹ́bi lórí olè, wọ́n dá a lẹ́bi lórí ìpànìyàn, ikú ni wọ́n dá fún un.

Ẹ̀jẹ̀ olè náà ta sí ṣòkòtò ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ jà lólè. Wọ́n ti gé ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ náà lọ fún àyẹ̀wò, èsì sì dé ọwọ́ àwọn agbefọ́ba kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ B. Thompson ní ẹ̀jẹ̀ O. Wọn ò fi èsì náà han lọ́yà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti di òfin láti 1963, nínú ẹjọ́ Brady, pé agbefọ́ba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tó bá lè gbe olùjẹ́jọ́ hàn án. Ọ̀kan nínú wọn tún lọ gbé aṣọ tí wọ́n gé náà kúrò ní yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rí sí. Ní 1994, nígbà tí agbefọ́ba yìí gbọ́ lẹ́nu dókítà pé jẹjẹrẹ máa pa òun, ó jẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí. Ọ̀rẹ́ náà gbọ́, ó sì pa ẹnu mọ́ fún ọdún márùn-ún.

Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa pa Thompson: ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1999. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin máa ṣe ayẹyẹ ìjáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tó ku nǹkan bí oṣù kan, olùwádìí kan tí àwọn lọ́yà rẹ̀ háyà ṣàdédé rí ẹ̀dà èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà nínú àkọsílẹ̀ ilé àyẹ̀wò. Wọ́n fagi lé ẹjọ́ olè, wọ́n tún ti ìpànìyàn gbọ́ ní 2003, júrì sì dá a sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 35. Ọdún 18 ló ti lò, 14 nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró de ikú.

Thompson pe ọ́fíìsì agbefọ́ba lẹ́jọ́. Júrì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 14 dọ́là fún un, mílíọ̀nù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi ń retí ikú. Ní 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ gba owó náà padà, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Clarence Thomas, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó wà lórí àga níbẹ̀ nígbà náà, ló kọ ìdájọ́ yẹn: ó ní ẹjọ́ kan ṣoṣo kò tó láti fi hàn pé ọ́fíìsì náà kọ̀ láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní òfin. Ti àwọn agbefọ́ba fúnra wọn ti parí tipẹ́, nítorí láti 1976 ni ilé ẹjọ́ yìí kan náà ti sọ pé a ò lè pe agbefọ́ba lẹ́jọ́ gba owó lórí ohun tó bá ṣe nígbà tó ń rojọ́ fún ìjọba. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ gbá ọ níbi tó ti ń sáré lọ síbi iṣẹ́, o lè pè é lẹ́jọ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀rí pamọ́ kí wọ́n lè pa ọ́, o ò lè gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Thompson kú ní 2017.

Ìlú Tulia

Ìlú kékeré ni Tulia ní Texas, kò ju ènìyàn 5,000 lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ 23 oṣù Keje 1999, ọlọ́pàá kó ènìyàn 46 níbẹ̀ lórí ẹ̀sùn títa kokéènì, 39 nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nínú ìlú tí aláwọ̀ dúdú ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, èyí túmọ̀ sí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdílé tí wọn ò ti mú ẹnìkan. Ẹ̀rí gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́pàá kan, Tom Coleman, tó díbọ́n bí ẹni tó ń ra oògùn. Kò gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò ní ẹlẹ́rìí kejì. Ó ní òun a máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ òun. Àgbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ti lé ní 50 ọdún gba ẹ̀wọ̀n 90 ọdún lórí ọ̀rọ̀ ẹnu yìí. Obìnrin kan bọ́ nítorí pé ìwé báńkì fi hàn pé ìpínlẹ̀ mìíràn ló ti ń gba owó ní wákàtí tí Coleman ní òun ń ra kokéènì lọ́wọ́ rẹ̀. Texas fi oyè ọlọ́pàá tó ta yọ jù lọ́dún dá Coleman lọ́lá. Nígbà tí àwọn lọ́yà láti ìta wá tú ọ̀rọ̀ náà wò, ó tú. Gómìnà Rick Perry foríji 35 nínú wọn ní 2003, ilé ẹjọ́ sì dá Coleman lẹ́bi lórí irọ́ pípa ní 2005. Kò ṣẹ̀wọ̀n.

Ẹ má rò pé ìlú kékeré nìkan ni. Ní Chicago, wọ́n ti fagi lé ìdájọ́ tó lé ní 200 tí Ronald Watts, ọlọ́pàá tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú fúnra rẹ̀, àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀. Wọ́n a máa béèrè owó lọ́wọ́ àwọn tálákà tó ń gbé nínú ilé ìjọba, ẹni tí kò bá san, wọ́n á fi oògùn olóró sí i lára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yìí ló ní àwọn jẹ̀bi nígbà tí wọ́n dé ilé ẹjọ́. Ẹ ò ní yà lẹ́nu bí ẹ bá mọ bó ṣe ń lọ: ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìdájọ́ ẹ̀bi ní Amẹ́ríkà tí kì í dé iwájú júrì rárá. Agbefọ́ba á ní, bó o bá gbà pé o jẹ̀bi, ọdún méjì; bó o bá ní ká lọ gbọ́ ẹjọ́ tó o sì pàdánù, 15. Ẹni tí kò lówó béèlì, tó ti wà ní àtìmọ́lé láti ọ̀pọ̀ oṣù wá, kí ló fẹ́ ṣe? Kalief Browder kọ̀ láti gbà. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n mú un ní New York ní 2010 pé ó jí báàgì. Béèlì rẹ̀ jẹ́ 3,000 dọ́là, agbára àwọn òbí rẹ̀ ò gbé e. Ọdún mẹ́ta ló lò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Rikers Island, nǹkan bí ọdún méjì nínú rẹ̀ ní àdádó, kí wọ́n tó ní àwọn ò rojọ́ mọ́. Ó pa ara rẹ̀ ní 2015. Àwa tí a mọ iye àwọn tó wà ní ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà láìtíì gbọ́ ẹjọ́ wọn, a ò lè fi ẹnu tẹ́ḿbẹ́lú Amẹ́ríkà lórí èyí.

Ohun tí ilé ẹjọ́ rí, tó sì gbójú fò

Warren McCleskey, aláwọ̀ dúdú, gba ìdájọ́ ikú ní Georgia nítorí ọlọ́pàá òyìnbó kan tí wọ́n pa ní 1978. Àwọn lọ́yà rẹ̀ gbé ìwádìí kan wá síwájú ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, èyí tó yẹ ẹjọ́ tó lé ní 2,000 wò. Ó fi hàn pé ní Georgia, ẹni tí wọ́n ní ó pa òyìnbó fi ìlọ́po 4.3 súnmọ́ ìdájọ́ ikú ju ẹni tí wọ́n ní ó pa aláwọ̀ dúdú lọ. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé ìṣirò náà kò péye. Ohun tí wọ́n sọ ní 1987, márùn-ún sí mẹ́rin, ni pé McCleskey gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ojúsàájú nínú ẹjọ́ tirẹ̀ gan-an. Wọ́n tún ní bí àwọn bá gba irú ẹ̀rí yìí, gbogbo ètò ìdájọ́ ló máa wà nínú ewu. Adájọ́ Brennan, tí kò gbà pẹ̀lú wọn, ní ẹ̀rù ìdájọ́ òdodo tó pọ̀ jù ló ń bà wọ́n. Wọ́n pa McCleskey ní 1991. Lewis Powell, tó kọ ìdájọ́ náà, fẹ̀yìn tì, wọ́n sì bi í bóyá ìdájọ́ kan wà tí ì bá yí padà. Ó ní ti McCleskey ni.

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e ló forí sọ ògiri yìí. California ṣòfin ní 2020 tó fún olùjẹ́jọ́ láyè láti lo irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. North Carolina ti ṣe irú rẹ̀ ní 2009, ó sì fagi lé e ní 2013.

Ti owó gbà-máà-bínú, a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n ti mú ọ ló ń sọ iye tó o máa gbà. Kevin Strickland lo ọdún 43 lẹ́wọ̀n Missouri. Nígbà ẹjọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó wà nínú júrì ló kọ̀ láti dá a lẹ́bi; nígbà kejì, òyìnbó ni gbogbo júrì. Ó jáde lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ní oṣù Kọkànlá 2021, Missouri ò sì fún un ní kọ́bọ̀, nítorí òfin ibẹ̀ nígbà náà ní ẹni tí DNA bá dá sílẹ̀ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn aráàlú ló dáwó jọ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó náà sì lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là. Ti Glynn Simmons, òfin Oklahoma nígbà náà ní kò gbọ́dọ̀ ju 175,000 dọ́là lọ. Bí ẹ bá pín in sí ọdún 48, kò pé 4,000 dọ́là lọ́dún. Ìgbà tó pe ìlú Edmond lẹ́jọ́ ni wọ́n tó gbà láti san mílíọ̀nù méje àti díẹ̀ ní 2024.

Ẹ̀rọ ti wọ ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ní oṣù Kìíní 2020, ọlọ́pàá Detroit de Robert Williams lọ́wọ́ níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé ó jí aago ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà ló fi àwòrán kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù náà wé àwòrán ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe òun. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò ti sọ ní 2019 pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣi ojú aláwọ̀ dúdú mú ju ojú òyìnbó lọ. Ẹ̀rọ yìí ò sì ní bi ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní Houston bóyá ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú ló gbà dé tàbí ọ̀nà ọkọ̀ ẹrú. Detroit san 300,000 dọ́là fún Williams ní 2024, wọ́n sì gbà pé ọlọ́pàá ò ní mú ẹnikẹ́ni mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Èyí tó ṣì ń jà ràn-ìn jùlọ ni ti Louisiana. Ní 1898, àwọn òyìnbó ìpínlẹ̀ náà ṣe àpérò lórí òfin, wọ́n sì sọ ọ́ síta pé torí àtifi ẹ̀yà funfun ṣe ọ̀gá làwọn ṣe jókòó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé ohùn júrì ò nílò láti ṣọ̀kan mọ́, kí ohùn aláwọ̀ dúdú kan tàbí méjì tó bá bọ́ sínú rẹ̀ má bàa já mọ́ nǹkan kan. Oregon ṣe irú rẹ̀ ní 1934. Ní oṣù Kẹrin 2020, nínú ẹjọ́ Ramos, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ò bófin mu. Ní ọdún kejì, wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ ò ní fipá mú ìpínlẹ̀ láti tú àwọn ẹjọ́ tó ti parí wò. Ní 2022, ilé ẹjọ́ gíga Oregon sọ pé àwọn á tún ti gbogbo wọn gbọ́, títí kan èyí tó ti pẹ́. Ti Louisiana, lọ́dún kan náà, ní àwọn ò ní ṣe é. Wọ́n fojú bu àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ní Louisiana sí nǹkan bí 1,500 nígbà tí ẹjọ́ Ramos jáde, aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí júrì bá dá ọkùnrin kan lẹ́bi ní ìlú Portland ní Oregon ní 2010 pẹ̀lú ohùn mẹ́wàá sí méjì, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹjọ́ tuntun. Bó bá jẹ́ ìlú Baton Rouge ní Louisiana ni, lọ́dún kan náà, ohùn mẹ́wàá sí méjì náà, ìdájọ́ yẹn dúró.